Ṣé Àwọn Yorùbá Ló Tẹ Ìlú Regla Dó?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta ni mí, ìdílé àwọn tó ń bọ Yemọja ni ìyá tó bí ìyá mi ti wá. Ọ̀rẹ́ mi kan tó lọ sí Kúbà sọ fún mi pé ìlú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Regla, pé ìlú Yemọja ni, pé àwọn ènìyàn wa ló tẹ̀ ẹ́ dó, àti pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi òrìṣà náà pamọ́ sí kí àwọn òyìnbó má baà mọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Irú ìlú wo ni Regla gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yín. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí ọ̀rẹ́ yín sì ṣe sọ ọ́ gan-an ni wọ́n máa ń sọ ọ́. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi orí rẹ̀ ṣe ìdí. Kì í ṣe Yorùbá ló tẹ Regla dó, ère tó wà nínú ilé ìjọsìn rẹ̀ sì ti wà lórí pẹpẹ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí àwọn ènìyàn wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé Kúbà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ yàtọ̀ sí ìtẹ̀dó, lójú tèmi ó sì ṣòro ju ìtẹ̀dó lọ: wọ́n bá ìyá olómi kan lẹ́nu èbúté, wọ́n wò ó, wọ́n sì sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ìlú náà wà. Havana, olú-ìlú Kúbà, wà létí ọ̀sà kan tí ẹnu rẹ̀ tóóró, tí inú rẹ̀ sì fẹ̀ bí àpò. Ìgboro Havana àtijọ́ wà ní ìwọ̀-oòrùn ọ̀sà náà, Regla wà ní òdìkejì, wọ́n sì ń wo ara wọn. Láti èbúté tí wọ́n ń pè ní Muelle de Luz ni ènìyàn ti ń wọ ọkọ̀ akérò kékeré kan, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí lanchita, tó ń gbé èrò kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ èbúté Regla, ilé ìjọsìn Àgùdà tó wà létí omi ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Lónìí, Regla jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 15 tó para pọ̀ di Havana láti ìgbà tí wọ́n ti tún ilẹ̀ Kúbà pín ní 1976. Ìlú kékeré ni, àwọn ènìyàn rẹ̀ lé díẹ̀ ní 40,000, abúlé Casablanca tó wà lẹ́sẹ̀ òkè ní ìhà àríwá ọ̀sà sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìtàn ilé ìjọsìn yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1687. Ọkùnrin kan tó ń dá gbé nítorí ìsìn, Manuel Antonio, tí wọ́n sọ ní El Peregrino, ìyẹn arìnrìn-àjò ìsìn, kọ́ àgọ́ kékeré kan sórí ilẹ̀ tó yọ sínú ọ̀sà, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, ó sì gbé àwòrán Màríà Wúńdíá ti Regla sínú rẹ̀. Ní October 1692, ìjì líle wó àgọ́ náà palẹ̀. Juan Martín de Conyedo ló tún un kọ́, òkúta ló fi kọ́ ọ, iṣẹ́ sì parí ní 1694. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ni ọmọ ogun onípò gíga kan, Pedro de Aranda, mú ère tuntun wá láti Sípéènì. Orúkọ ère ni Regla kó tó di orúkọ ìlú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "òfin", òfin tí Augustine Mímọ́ gbé kalẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ fi ayé wọn sin Ọlọ́run ní àwùjọ kan. Ní Chipiona, ìlú kan létí òkun ní gúúsù Sípéènì, ni ìsìn ère yìí ti ṣẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń pìtàn pé ilẹ̀ Áfíríkà ni ère àkọ́kọ́ ti wá, láti Hippo ní Algeria òde òní, níbi tí Augustine ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, àti pé ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbé e sá fún ogun kọjá òkun. Ìtàn àtẹnudẹ́nu nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ sì gbà á. Èyí tí ojú rí ni pé Màríà náà dúdú, pé ọmọ tó gbé sọ́wọ́ funfun, àti pé àwọn awakọ̀ ojú omi ni olùfọkànsìn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1714, wọ́n kéde rẹ̀ ní alábòójútó ọ̀sà Havana.

Ọdún 1714 yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Nígbà náà, Ọ̀yọ́ ṣì ń gòkè àgbà, ọjà ẹrú Havana kò sì tíì mọ àwọn ènìyàn wa dáadáa. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Havana ní 1762, tí wọ́n sì jókòó tì í fún oṣù mẹ́wàá ó lé, ni òwò ẹrú ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò. Ní 1789, ọba Sípéènì ṣí òwò náà sílẹ̀ fún gbogbo oníṣòwò. Nígbà tí àwọn ẹrú Haiti sì dìde ní 1791, tí oko ìrèké ibẹ̀ jóná, Kúbà ló gba ipò rẹ̀ nínú ọjà ṣúgà àgbáyé, ebi ọwọ́ òṣìṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn olóko. Àsìkò yẹn gan-an ni ilé tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í tú: Àfọ̀njá ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin, ogun pa Òwu run, Ọ̀yọ́ Ilé dahoro ní nǹkan bí 1836, àwọn tó sá àsálà sì ń tẹ Abẹ́òkúta yín dó lábẹ́ Olúmọ ní 1830. Ẹni tí kò ráyè dé abẹ́ àpáta náà, tí ọwọ́ tẹ̀ lójú ọ̀nà, lè bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Èkó tàbí ní Ouidah. Sípéènì ti fọwọ́ sí ìwé ní 1817 pé òwò ẹrú yóò dópin ní 1820, síbẹ̀ wọ́n ń bá a lọ ní jíjí títí di àwọn ọdún 1860. Nínú àwọn ọmọ Áfíríkà tó lé ní 700,000 tí wọ́n kó lọ sí Kúbà, àwọn ènìyàn wa pọ̀ gan-an láàárín àwọn tó dé ní ẹ̀yìn. Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé láti inú "olùkù mi", ìkíni ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, ni orúkọ náà ti jáde.

Kí ló wá kó wọn dé Regla? Iṣẹ́ ni. Ní ọ̀rúndún 19, etí omi Regla kún fún àwọn ilé ìkẹ́rù ńláńlá tí wọ́n ń kó ṣúgà sí kí ọkọ̀ tó gbé e lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Àwọn tó ń gbé àpótí ṣúgà lórí, àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, àwọn obìnrin tó ń fọṣọ, tó ń se oúnjẹ tà fún wọn, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ẹrú àti ẹni òmìnira. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ẹrú ìgboro àti ẹrú oko ìrèké. Ẹni tó wà ní ìgboro lè rí owó díẹ̀ fi pamọ́, òfin Sípéènì sì gbà á láyè láti bá olówó rẹ̀ fẹnu kò lórí iye kan, kó máa san án díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ra ara rẹ̀ padà. Ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbà di òmìnira ṣáájú 1886, ọdún tí Sípéènì fòpin sí oko ẹrú ní Kúbà. Ìlú tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí ni ẹgbẹ́ ti lè dúró, níbi tí wọ́n ti lè yá ilé, rán aṣọ, kí wọ́n sì gbẹ́ ìlù.

Mo mẹ́nu kan ìlù nítorí pé Regla wà nínú ìtàn bàtá Kúbà láti ìpìlẹ̀. Fernando Ortiz, onímọ̀ ọmọ Kúbà tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí, kọ ohun tí àwọn àgbà onílù sọ fún un: pé àyàn kan tó ń jẹ́ Añabí, èyí tí etí wa máa gbọ́ bí Àyànbí, dé Kúbà gẹ́gẹ́ bí ẹrú, kẹ̀kẹ́ ẹrù ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lóko ìrèké, wọ́n sì gbé e wá sí ilé ìtọ́jú àwọn ẹrú ní Regla. Ibẹ̀ ló ti pàdé Atandá, agbẹ́gilére tó ti mọ̀ nílé kí wọ́n tó kó wọn lẹ́rú. Ní nǹkan bí 1830, àwọn méjèèjì gbẹ́ bàtá mẹ́ta, wọ́n sì ṣe gbogbo ètùtù tó yẹ kí Àyàn tó wọ inú rẹ̀. Títí di òní, bí wọ́n bá ń ya bàtá tuntun sí mímọ́ ní Kúbà, a gbọ́dọ̀ fi ìlù tó ti gba àṣẹ tẹ́lẹ̀ bí i, ìdí nìyẹn tí àwọn onílù fi máa ń ka ìran ìlù wọn bí a ṣe ń ka ìran ènìyàn. Èyí tó tóbi jù ṣì ń jẹ́ Iyá. Ní 1936, Ortiz kó àwọn onílù bàtá jáde síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé Havana fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni ìlù náà ti ń sọ̀rọ̀ ní òdìkejì ọ̀sà kí wọ́n tó jókòó gbọ́ ọ.

Ẹnì kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni Adéṣínà. Remigio Herrera ni orúkọ tó wà nínú ìwé ìjọba, Adechina ni àwọn ará Kúbà ń pè é. Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n bí i sí, babaláwo ni, ọ̀dọ́kùnrin ni nígbà tí wọ́n mú un lẹ́rú. Agbègbè Matanzas, níbi tí oko ìrèké pọ̀ sí, ló kọ́kọ́ wà kó tó di òmìnira, kó sì wá fìdí kalẹ̀ ní Regla. Àwọn babaláwo Kúbà máa ń sọ pé ó gbé ikin rẹ̀ mì kí ó lè gbé e kọjá òkun. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀ka Ifá ńlá kan ní Kúbà ni wọ́n ń tọ̀ padà sọ́dọ̀ rẹ̀, àwòrán rẹ̀ ṣì wà tí ilà hàn ketekete ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òun ló dá ẹgbẹ́ Yemọja Regla sílẹ̀, ní àwọn ọdún 1860. Cabildo ni wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan náà tí ìjọba mọ̀ sí, tó ń sìnkú fún ara wọn, tó ń gba owó àjọ láti ra ẹni tó wà lóko ẹrú padà, tó sì ń ṣe ọdún. Adéṣínà kú ní Regla ní 1905, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Josefa Herrera, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Pepa, tí orúkọ òrìṣà rẹ̀ sì ń jẹ́ Èṣùbí, ló gba ẹgbẹ́ náà títí ó fi kú ní 1947.

Ó yá, ọ̀rọ̀ "ìpamọ́". Ohun tí mo rò ni pé àlàyé yẹn kò tó, ó sì ń bu àwọn baba ńlá wọn kù láìmọ̀. Òótọ́ ni pé ìjọba àmúnisìn fipá mú wọn: ní ìparí àwọn ọdún 1880, òfin sọ pé cabildo gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ kì í lu bàtá níwájú ilé olórí ìlú. Ohun tí àwọn Lucumí rí ní Regla ni ìyá tó dúdú, tó dojú kọ omi, tó ń dá ẹ̀mí awakọ̀ sí, tó sì gbé ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tó ti ń bọ Yemọja nílé kò ní láti ronú jìnnà. Àwọn àgbàlagbà olórìṣà ibẹ̀ kò sì da àwọn méjèèjì pọ̀ bí ọ̀pọ̀ ìwé ṣe ń sọ. Màríà gba àbẹ́là àti òdòdó nínú ilé ìjọsìn. Yemọja gba àgbò, pẹ́pẹ́yẹ, àkùkọ àti oyin ìrèké nínú ilé àti létí òkun. Ẹnì kan náà ń ṣe méjèèjì ní òwúrọ̀ kan náà, ó sì mọ èyí tó ń ṣe.

Ohun kan tún wà tó yẹ kó ya ọmọ Abẹ́òkúta lẹ́nu. Nílé, odò Ògùn ni ti Yemọja, òkun sì jẹ́ ti Olókun. Ní Kúbà, odò Ògùn kò sí. Omi tí wọ́n mọ̀ ni òkun tó gbé wọn wá, Yemọja ni wọ́n sì fi òkun lé lọ́wọ́: òun ló ni ojú omi tí ìmọ́lẹ̀ dé, Olókun ló ni ìsàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí. Orúkọ oríṣiríṣi tí wọ́n ń pè é ṣì ń dún bíi tilé: Awoyó, Ogunté, Asesú, Achabá. Méje ni nọ́ńbà Yemọja níbẹ̀, aró àti funfun ni àwọ̀ rẹ̀. Ẹ lè rí ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ́rùn tàbí lọ́wọ́ ènìyàn ní ojú pópó.

Síbẹ̀, bí a bá fi Yemọja nìkan pìtàn Regla, a ó fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1836, àwọn ará Kàlàbá, tí wọ́n ń pè ní Carabalí, dá ẹgbẹ́ awo àwọn ọkùnrin sílẹ̀ ní Regla, Efí Butón, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú gbogbo ẹgbẹ́ Abakuá. Ẹgbẹ́ Ékpè ti àwọn Ẹ́fíìkì, ẹgbẹ́ ẹkùn, ni gbòǹgbò rẹ̀. Kò sí ibòmíràn lágbàáyé tí ẹgbẹ́ yìí ti tún fìdí múlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Kàlàbá àti agbègbè rẹ̀ àfi àwọn ìlú èbúté Kúbà: Havana, Matanzas àti Cárdenas. Wọ́n ní eégún tiwọn, íreme, tó máa ń so agogo mọ́ ìbàdí, tí kì í sọ̀rọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí kò bá mọ ẹnì kan nínú Abakuá kì í tètè rí iṣẹ́ ní èbúté. Nígbà tí wọ́n ti kó ọmọ Kàlàbá àti ọmọ Ọ̀yọ́ sí ojú pópó kan náà, èdè tí wọn kò gbọ́ láti ẹnu ara wọn di èdè tí àwọn ọmọ wọn jọ ń kọrin nínú rẹ̀.

Ìlú òṣìṣẹ́ yìí náà ló bí òkè Lenin. Nígbà tí ìròyìn ikú Lenin, olórí ìjọba Soviet, dé ní January 1924, olórí ìjọba ìlú náà, Antonio Bosch, pàṣẹ kí wọ́n lọ gbin igi ólífì sórí òkè kan lẹ́yìn ìlú ní ìrántí rẹ̀. Colina Lenin ni òkè náà ń jẹ́ di òní, lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ère bàbà síbẹ̀. Nígbà ìjà pẹ̀lú ìjọba Batista, ẹni tó ń ṣàkóso Kúbà, ní àwọn ọdún 1950, àwọn ọ̀dọ́ Regla pọ̀ nínú ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ débi pé wọ́n sọ ìlú náà ní La Sierra Chiquita, òkè kékeré, ní ìfiwéra pẹ̀lú Sierra Maestra tí Fidel Castro wà. Ilé ìfọpo ńlá kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ní 1960 nígbà tí wọ́n kọ̀ láti fọ epo rọ̀bì Soviet. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 January 2019, ìjì àjàyíká kan já gba ìlú náà kọjá, ó sì ṣí òrùlé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Kí ẹ má sì gbàgbé pé ère Jésù funfun, tí Jilma Madera gbẹ́, tí wọ́n ṣí ní December 1958, tí ó ga ní mítà 20, tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń yà ní fọ́tò láti Havana, orí òkè Casablanca ló dúró sí, lórí ilẹ̀ Regla.

Ọjọ́ 7 September ni ọdún. Láti òru ọjọ́ 6 ni èrò ti ń kọjá omi, wọ́n wọ aró, wọ́n gbé ọmọ lọ́wọ́, àwọn mìíràn gbé bèbí dúdú tí wọ́n wọ aṣọ aró fún. Nínú ọkọ̀, bí wọ́n bá dé àárín ọ̀sà, ọ̀pọ̀ máa ń ju owó ẹyọ sínú omi. Wọ́n á wọ ilé ìjọsìn, wọ́n á kí ère tó wà lókè pẹpẹ, wọ́n á jáde, wọ́n á sì rìn ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ sí etí omi, níbi tí àwọn ìyálórìṣà ti ń jókòó, láti gbé èso, òdòdó àti oyin ìrèké fún Yemọja. Ẹ ó gbọ́ "Omí o, Yemayá", ẹ ó gbọ́ "moyugba", ẹ ó sì mọ̀ pé "mo júbà" ni.

Ṣùgbọ́n ìwọ́de tí àwọn àgbà Regla ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jù ni ti Pepa, lẹ́yìn ọdún ilé ìjọsìn. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ àti ti obìnrin kejì, Susana Cantero, máa ń gbé ère tiwọn jáde láti inú ilé wọn: Màríà ti Regla fún Yemọja, ti Caridad fún Ọ̀ṣun, ti Mercedes fún Ọbàtálá, àti Bárbárà Mímọ́ fún Ṣàngó. Àwọn ènìyàn ló ń rù wọ́n léjìká, wọn kò sì rù wọ́n bí ẹni ń rin ìrìn ìjọ. Wọ́n ń jó pẹ̀lú wọn, síwájú, sẹ́yìn, bí ìlù bá ti pè. Bàtá ló ń tẹ̀lé wọn. Wọ́n á dé etí òkun, wọ́n á dúró lójú ilé olórí ìlú, wọ́n á lọ kí àwọn òkú ní itẹ́ òkú, kí wọ́n tó padà sílé. Ní 1961, nígbà tí ìjọba tuntun kò gba ìwọ́de ìsìn láyè mọ́ ní ìta, èyí dópin. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ní àkókò tí Póòpù John Paul Kejì ṣe àbẹ̀wò sí Kúbà ní January 1998, ọ̀nà tún ṣí fún ìwọ́de ní gbangba.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ fojú ara yín rí i, ẹ má ṣe lọ ní ọjọ́ ọdún nìkan. Ẹ lọ ní ọjọ́ tí kò sí èrò. Ẹ múra pé wọ́n lè yẹ àpò yín wò kí ẹ tó wọ ọkọ̀, nítorí pé ní 1994 àti 2003 àwọn kan já ọkọ̀ akérò ọ̀sà náà gbà láti fi sá lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ yà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ìbílẹ̀ Regla, tí kò jìnnà sí ilé ìjọsìn, níbi tí wọ́n kó nǹkan ìsìn àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́ sí. Bí ẹ bá sì rí àgbà obìnrin kan tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ aró àti funfun létí omi, ẹ kúnlẹ̀ kí i bí ẹ ṣe máa kí ìyá ìyá yín. Wọ́n ṣì ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ṣì ń kúnlẹ̀ kí àgbà òrìṣà níbẹ̀, "moforibale" sì ni wọ́n ń pè é.